Bàbá Ẹja Tí Mo Lé Kúrò Nídìí Ẹyin

Ọmọbìnrin mi,

Láàárọ̀ yìí, tí mo rí akọ ẹja rẹ nínú abọ́ ike, tó ń ju lẹbẹ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí kò sí ẹyin níbẹ̀ bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ jòjòló, ni ohun tí mo ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbàgbé rẹ bí ìwọ náà ṣe gbàgbé ọ̀nà ilé.

Àlàáfíà la wà. Àpótí gíláàsì tí o fi ránṣẹ́ pé ká fi sin ẹja ti gba ipò àga bàbá rẹ, bàbá rẹ sì ti ń jókòó sórí páálí ọṣẹ. O ní iṣẹ́ kékeré ni, kí n ṣáà máa wo àwọn ẹja náà. Ẹ kú iṣẹ́ kékeré o! O ní kí omi kọ́kọ́ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè gbó, kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Mo gbà, mo ń kí omi láàárọ̀ bí àlejò. Mo tún ń fi ọṣẹ fọ kànìnkànìn inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ, títí o fi pariwo lórí fóònù pé ìdọ̀tí ibẹ̀ gan-an ló ń tún omi ṣe. Èmi tí mo fi pàṣán kọ́ ọ ní ìmọ́tótó! Ní ti ọ̀pá tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, mo rò pé ọbẹ̀ lo fẹ́ ká fi sè díẹ̀díẹ̀. Mo ti gé àlùbọ́sà kí àbúrò rẹ tó dì mí lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí omi gbó, a kó akọ àti abo ẹja rẹ sínú rẹ̀. Ìyá ẹja wá yé ẹyin sára ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú àpótí náà. Mo kí i kú ewu ọmọ. Ẹnu mi ò tíì padé tí ọkọ rẹ̀ fi ń lé e kiri, tó ń gé e nírù jẹ. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀! Mo fi asẹ́ gbé ọ̀dájú náà sínú abọ́, mo ní kó lọ ronú. Bàbá rẹ ní àjèjì kì í dá sí ìjà tọkọtaya. Mo ní ọkùnrin kì í kúkú jẹ́bi lójú ọkùnrin. Ó gbé páálí rẹ̀ sún sẹ́yìn.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹyin kan ti bàjẹ́, wọ́n funfun bí òwú. Ìyá wọn ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn òkúta, ó ń jẹun, kò bojú wẹ̀yìn. Àṣé bàbá wọn ló ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí wọn, ẹyin ló sì ń ṣọ́ tó fi ń lé ìyá wọn. Èyí tó kù ṣì mọ́ gaara, a sì ń fi ọwọ́ rọra rú omi sí i. Apá mi kú, bàbá rẹ gbà á, ó ń rú, ó ń rẹ́rìn-ín mi.

Àbúrò rẹ yóò ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, nítorí èmi ò lè máa fìka gún ojú fóònù. Fi owó iná ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń mí fún ẹja ń jẹ iná ju ìdílé lọ. Olúwa yóò fún ọ ní ọkọ tí kò ní fi ọmọ sílẹ̀ fún ọ nìkan.

Ó wá kù kí ìwọ ọ̀mọ̀wé gba ìyá rẹ nímọ̀ràn kíákíá: tí mo bá dá ọkùnrin yìí padà sídìí ẹyin báyìí, ṣé yóò mọ̀ wọ́n lọ́mọ, àbí yóò fi ìbínú tó ní sí mi jẹ wọ́n?