Mọ́tò Tí Kì Í Wúkọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó ẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́, torí ẹni tó ń sanwó fún ọmọ ẹni, ó yẹ ká máa kí i. Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti gbé ìkòkò sábẹ́ ẹ̀, kò sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ tó gbé kálàmù sí mi lọ́wọ́ ni ti mọ́tò tuntun tó o gbé wá fún mi lóṣù tó kọjá, èyí tó ń mu bẹntiróòlù tó sì tún ń lo iná bátìrì. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní Oníkọ́, píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì mi tí ẹ̀yin ọmọ sọ lórúkọ nítorí bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó gbéra àti bó bá ń gun òkè, ti darúgbó, pé èéfín rẹ̀ ò dáa fún àyà mi, pé o ti rí ẹni tó máa wá rà á lọ́jọ́ Sátidé. O ní mọ́tò tuntun yìí á dín owó epo mi kù sí ìdajì. N ò bá ọ jiyàn, ìwọ lo lọ sílé ìwé. Àmọ́ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí.

O ní bí mo bá tẹ bíréèkì, bátìrì á máa gba iná. Ó yé mi yékéyéké. Láti ilé dé oko, mo tẹ bíréèkì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, bíréèkì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, bíréèkì. Télọ̀ tí mo gbé lọ́jọ́ náà ń forí gbá iwájú mọ́tò, ó ní ṣé gbogbo igi ojú ọ̀nà ni mò ń dúró kí ni. Mo ní kó fara balẹ̀, mò ń bọ́ bátìrì ni. Nígbà tá a dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní, ṣòkòtò mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

O tún ní tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, bátìrì á kún lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ta ni yóò gbọ́ ọ̀fẹ́ tí yóò jókòó sílé? Lọ́jọ́ kejì mo gun òkè ẹ̀yìn ilé ìwé, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gùn ún, mo tún sọ̀kalẹ̀, ìgbà mọ́kànlá. Bátìrì kún lóòótọ́. Bẹntiróòlù ló gbẹ. Mo pe mẹkáníìkì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó ní iná tí mo gbà bọ̀ láti òkè, epo ni mo fi rà á nígbà tí mò ń gùn ún lọ. Ó ní mọ́tò yìí dáa gan-an fún ìlú ńlá, níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn díẹ̀ tẹ́ ẹ ń dúró púpọ̀, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tiwa tó nà tààrà, bẹntiróòlù ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, bátìrì kàn jókòó bí àlejò. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì mọ ẹrù gbé, ó sì mọ ọ̀nà jíjìn. Ti èéfín nìkan lo fi jàre, mo gbà fún ọ.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́; mọ́tò ẹ yìí dákẹ́ jù. Ewúrẹ́ ò gbọ́ ọ, wọ́n ń sùn lọ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo já wọlé láìròtẹ́lẹ̀, mo bá àbúrò ìyá ẹ tó ń jẹ ẹran tí wọ́n ní ológbò ti gbé lọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, mo kàn béèrè àlàáfíà ológbò.

Mo rò pé torí ẹran yẹn ni ìyá ẹ ṣe kórìíra mọ́tò náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lánàá mo bá a níwájú ilé lórí àpótí, ojú ẹ̀ wà lọ́nà, ó ti wà níbẹ̀ látọ̀sán. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi ń gbọ́ ikọ́ Oníkọ́ láti orí òkè, ibẹ̀ lòun ti ń mọ̀ pé baba àwọn ọmọ òun ṣì wà láàyè, òun á sì gbómi kaná. Ní báyìí òun ò gbọ́ nǹkan kan, ọkàn òun kì í balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ti so agolo mẹ́rin mọ́ ìdí mọ́tò náà kó lè máa dún, ṣùgbọ́n ìyá ẹ ní agolo kì í ṣe ọkọ òun.

Nítorí náà, sọ fún ẹni tó fẹ́ ra Oníkọ́ pé kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Wá gbé mọ́tò ẹ, ìwọ tó ń dúró káàkiri ìlú ńlá ló yẹ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún ibi tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì ṣe, mẹkáníìkì ní èéfín á dín kù. Fi díẹ̀ lé e, kí n fi bẹ télọ̀.

Ìyá ẹ ní kí n fi kún un pé lọ́jọ́ tó o gbé mọ́tò náà wá, ẹ̀yìnkùlé lòun wà, òun ò gbọ́ ìgbà tó o dé. Nígbà tí òun fi máa jáde, o ti bá mọ́tò ọ̀rẹ́ ẹ lọ, ìyẹn náà ò dún. Ó ní tó o bá ń bọ̀ wá gbé e, kó o máa fọn fèrè láti orí òkè, kí òun lè gbómi kaná.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí etí wa ṣàárò ìró ẹ.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.