Wúrà Tó Di Omi

Ọjọ́ Jímọ̀, 8 Oṣù Kọkànlá 2024

Oníná mi, ọkọ mi, tákàbà yín kò tíì jẹ́ kí n jáde nílé, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ àfi yín. Ìyá Ṣubúọlá tún wá lónìí. Ṣéènì wúrà rẹ̀ tó já, tó ní kí ẹ fọ̀ mọ́, kí ẹ fi rọ yẹtí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ — òun ló ń bèèrè. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyàwó Àsánì, bó bá ti tà á kó tó kú, sọ fún mi. N ó dárí jì í."

Èyí dùn mí ju èébú lọ. Ẹ ò tà á. Ojú mi lẹ ṣe jù ú sínú áásíìdì. Ó wà nínú ìgò lábẹ́ tábìlì yín ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, omi pupa rúsúrúsú bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Báwo ni wúrà ṣe ń di omi? Mo tẹjú mọ́ ọn títí.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Agolo ìyẹ̀fun tí ẹ fi ń pe wúrà padà ti ṣófo. Ẹni tó ń tà á l'Ékòó ní òun ò ní in mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Àdúmáradán, àbúrò yín, lọ bá Bàbá Ràmọ́nì, alágbẹ̀dẹ wúrà, ní Ṣakí. Bàbá ní kí ìyẹ̀fun inú agolo tó dé, àwọn ní tiwọn. Fatiláísà funfun ni yóò kọ́kọ́ pa agbára áásíìdì. Lẹ́yìn náà, ìṣó tí wọ́n rẹ sínú omi bátìrì mọ́tò títí omi náà fi di aláwọ̀ ewé. Ìyẹn ni yóò lé wúrà jáde.

Àdúmáradán gbé fatiláísà dé láti oko Komu — èyí tó pupa, ti iṣu. Mo ní funfun ni bàbá wí. Ó ní, "Ìyàwó wa, fatiláísà ni fatiláísà. Àbí wúrà náà ń yan oúnjẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹ ti lọ.

Ọjọ́rú, 13

Ó mú funfun wá. Ẹ̀yìnkùlé la ti dà á sínú ìgò, a fi aṣọ bo imú. Ó hó bí ẹmu àárọ̀ — ẹ má sọ fún Àlùfáà — ó sì dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 14

Omi ìṣó tí a rẹ ti di aláwọ̀ ewé, a dà á sí i. Mo ń retí kí nǹkan tàn. Ẹrẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹrẹ̀ aláwọ̀ aáṣáà. Àdúmáradán wò ó títí, ó ní, "Ó ti bàjẹ́."

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò dúdú tí ẹ fi ń tọ́jú ìdọ̀tí, tó ti ṣófo báyìí, nítorí ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù wa kì í dé ojú títì. Eruku ilẹ̀ pàápàá, ẹ ò jẹ́ ká gbá a dànù. Mo sunkún.

Ọjọ́ Jímọ̀, 15

Ìkòkò dúdú. Kí lẹ tilẹ̀ ń fi ìdọ̀tí ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Ó yé mi lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Ta ní ń tọ́jú ìdọ̀tí, bí kì í bá ṣe pé wúrà lè jọ ìdọ̀tí?

Mo rọra da omi kúrò lórí ẹrẹ̀, mo fọ̀ ọ́ léraléra, mo sá a. Àdúmáradán tan iná gáàsì yín sí i. Ó dúdú. Ó ṣì dúdú. Lójijì ó kó ara jọ, ó lajú — roboto, bíi pupa ẹyin.

Nígbà tí Ìyá Ṣubúọlá dé, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó pa ọwọ́ dé. Ó ní, "Ta ni yóò wá rọ yẹtí ọ̀hún báyìí?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi, n ó rọ ọ́. Mi ò mọ ibi tí ẹnu mi ti rí ọ̀rọ̀ náà.

Oníná mi, ó fi í sílẹ̀.