Orúkọ Evanthia ní Èbúté

Ìyá wa Evanthia, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín ti sè àlìkámà ìrántí yín bí àṣà wa fún òkú, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lemonia àbígbẹ̀yìn yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ da ṣúgà sí i lórí, ó dà á nípọn bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ lọ nígbà tí nǹkan ṣì dùn. Oko ólífì ò bọ́ ẹnikẹ́ni yó ní erékùṣù yìí rí. Yàrá tí ẹ fi ń gba àlejò tó ń sanwó ló kọ́lé, òun ló gbéyàwó fún Stratis àkọ́bí yín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wa á kó ẹní lọ sórí òrùlé kí àlejò lè sùn sórí ibùsùn wa. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti fọn fèrè, ẹ ti dé èbúté nìyẹn. "Yàrá rèé o! Yàrá tó kọjú sókun!"

Ta ló tó bá yín du àlejò? Àfi Asimina aládùúgbò wa. Á ní, "Ẹ má tẹ̀lé e o! Ẹ̀fọn ilé Evanthia tó ológbò!" Ẹ̀yin náà á fún un lésì: "Ẹ̀fọn tèmi rí ẹni jẹ, Asimina! Ebi ti pa tìẹ kú, torí kò sẹ́ni tó ń wọlé ẹ!" Àlejò ò gbọ́ èdè wa, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín. Títí ẹ fi lọ, ẹ̀yin méjèèjì ò jọ mu kọfí rí.

Ìyá, ẹ ò bá ìsẹ̀lẹ̀ náà. A ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ yín tí ilẹ̀ fi mì tìtì lọ́sàn-án gangan. Ògiri wa sán, ṣùgbọ́n ilé dúró. Ti Asimina wó pátápátá. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ ń dé, àlejò ò sí nínú rẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ tilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ kẹ́rù lọ sí Áténì, olú-ìlú. Àwọn oníṣòwò wá ń ra ilé lówó pọ́ọ́kú, Stratis náà sì ní ká ta tiwa. Lemonia fárígá: "Ta ilé Ìyá kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ tà mí ná!"

Ha, ọmọ yín! Ó fa Asimina lọ́wọ́, ó fún un ní yàrá tó kọjú sókun. Inú bí Stratis. "Yàrá tó dáa jù lo gbé fún ọ̀tá Ìyá?"

"Ta ló tún fẹ́ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀fọn?"

Stratis bá kẹ́rù, òun náà lọ sí Áténì. Lemonia lẹ ògiri, ó kun fèrèsé, ó ń lọ sí èbúté lásán. Nígbà tí ọkọ̀ padà kó àlejò dé, kò lè pariwo bíi yín. Ẹ mọ ẹni tó pariwo? Asimina! Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè: "Ilé Evanthia rèé o! Ilẹ̀ mì, kò wó! Ẹ wá sùn nílé Evanthia!" Lemonia bú sẹ́kún níwájú gbogbo ayé.

Ìyá, ẹ yọ̀! Yàrá ti kún, Stratis ti padà wálé, a tún ti ń sùn lórí òrùlé. Asimina ti tún ilé tiẹ̀ kọ́, òun náà ti ń gba àlejò, síbẹ̀ tiyín ló máa ń kọ́kọ́ pè.

A ò gbàgbé yín. Àárò yín ń sọ wá, a sì nífẹ̀ẹ́ yín. Ọkọ̀ ti fọn fèrè báyìí, Asimina ti mú ọ̀pá rẹ̀ jáde. Ẹ tẹ́tí sí i, Ìyá. Orúkọ yín ló ń pè.