Ọgọ́ta Wáàtì àti Bátìrì Kan Ṣoṣo ní Dowa

                                                  Ilé Bàbá Ọlágúnjú,
                                                  Djègan-Kpèvi,
                                                  Porto-Novo,
                                                  Dahomey.
                                                  Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, 1975.

Òkunọlá ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹni tá a jọ ká máńgòrò olóko,

Ṣé dáadáa lo wà? Èkó ò tíì gbé ẹ mì? Ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ rédíò ńkọ́, ṣé wọn ò tíì lé ẹ? Ara màmá rẹ níbí le bí ọta. Àná ni wọ́n lé mi jáde ní ilé ìdáná wọn nítorí ẹja díndín kan tó sọnù. Èmi kọ́ o.

Lọ́dọ̀ tèmi, kí n má parọ́, mo ti di èèyàn ńlá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi mú bíìkì ìkọ̀wé, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ara bátìrì ni.

Ṣé o mọ̀ pé látìgbà tí àwọn ṣójà ti gbàjọba, kò sọ́sẹ̀ tí kò sí ìpàdé. Delegé àdúgbò Dowa, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí ibẹ̀, ní òun ń wá ẹni táá máa gbé gbohùngbohùn wá. Hilaire tá a jọ ń du iṣẹ́ náà ní tiẹ̀, tòun ti jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó ń pariwo ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ní gbohùngbohùn àlòkù kan àti bátìrì kékeré tó ṣeé so mẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré mi. Mo dìde láàrin èrò, mo lu àyà, mo ní tèmi á sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbéṣẹ́ fún Hilaire, kémi padà sídìí ẹrù rírù lọ́jà Ouando.

Ohun tó kì mí láyà ni pé 60 W, ọgọ́ta wáàtì, ni wọ́n kọ sára gbohùngbohùn mi, 20 W péré ló wà lára ti Hilaire. Mo sọ ọ́ lójú Hilaire: ṣebí Peugeot 404 ló ń ya 403 sílẹ̀ lójú títì? Mo ní nọ́ńbà tó bá ti pọ̀ jù lọ̀gá.

Mo gbé bátìrì lọ sí Akron, lọ́dọ̀ Bàbá Moumouni tó ń fi iná sí bátìrì fáwọn onítakisí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu lo ní!" Wọ́n wá fi dàmíjánì, ìgò ńlá tí wọ́n ń rọ epo sí, ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní 12 V (fóòtì) àti 20 Ah (áńpíà-wákàtí) tó wà lára bátìrì, kí n sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Òjìlérúgba! Ìyẹn ni epo inú dàmíjánì. Ọgọ́ta tí mo ń fi yangàn sì rèé, igbá tí wọ́n fi ń bu epo ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni! Igbá tó bá tóbi, kíá lepo á tán. Bu ọgọ́ta lọ́nà mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n ní kí n má sì bù ú dé ìsàlẹ̀, torí bátìrì tó bá gbẹ tán kì í jí dáadáa mọ́. Kí n ka wákàtí méjì.

Òkunọlá, orí mi wú! Èmi tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní CE1, kíláàsì kẹta! Látìgbà náà, gbogbo ampúlù iná tí mo bá rí ni mò ń yí wò. Mo bi Bàbá pé tí n bá yí ohùn sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọgọ́ta ni ibi tí ẹnu igbá lè fẹ̀ dé. Tí n bá yí i sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni á máa bù. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn sára ẹ̀? Wọ́n ní kí n kúrò lọ́rùn àwọn.

Delegé ní kí n wá dán an wò ní Sátidé, pé ọ̀rọ̀ òun ò ní ju wákàtí méjì lọ. Mo ní ó bọ́ sí i. Lọ́sàn-án Sátidé, ní aago méjì, mo pariwo "Ehuzu!", igbe àyípadà tí àwọn ṣójà kọ́ wa, sínú mikró, gbogbo Dowa dáhùn "Dandan!", adìyẹ fò sórí òrùlé. Torí kí Hilaire lè gbọ́, mo ṣí ohùn dópin.

Gbọ́ ohun tí mo gbàgbé. Delegé á sọ ọ́ lédè Faransé, ẹnì kan á tú u sí Ègùn, Tàntí Kouboura, àbúrò màmá mi tó ń ta aṣọ, á wá tú u sí Nàgó, Yorùbá wa níbí. Wákàtí méjì ti di mẹ́fà! Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, ohùn delegé ti ń há nínú ẹ̀rọ bíi ti àkùkọ tí òjò pa, ìwé ọ̀rọ̀ sì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Hilaire kígbe látẹ̀yìn: "Waliou, 404 rẹ ń wúkọ́ o! Ṣé kí n wá tì í?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

Ni mo bá rántí igbá. Mo yí ohùn sílẹ̀ fún delegé àti ògbufọ̀ Ègùn, àwọn èèyàn sún mọ́ tòsí. Tó bá ti kan Tàntí, mo pa ẹ̀rọ pátápátá. Tàntí ò mọ̀. Ó di mikró mú, ohùn tó fi ogún ọdún pe oníbàárà kọjá ọjà wá ń mi páànù òrùlé. Bá a ṣe ṣe é títí ìwé fi tán nìyẹn, bátìrì ò sì kú.

Ìgbà tí Tàntí fẹ́ gbé mikró kalẹ̀ ló rí i pé iná pupa kékeré ara ẹ̀rọ ò tàn. Ó ní, "Waliou! Ọ̀fun mi lò ń lò láti ẹ̀ẹ̀kan!" Delegé rẹ́rìn-ín títí, ó ní iṣẹ́ ti di tèmi, bí Tàntí bá ti ń bá mi wá. Tàntí ní òun á máa wá, tí mo bá ń ru ẹrù aṣọ òun lọ sí Ouando ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn o, tí mo sì tún padà sídìí ẹrù.

Jọ̀ọ́, bá mi bi ọ̀gá rẹ: wáàtì mélòó ló wà nínú ọ̀fun èèyàn? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó tún ṣe ìpàdé míì.

Bá mi kí wọn gan-an ni, kí o sì kí gbogbo ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo wa, tó bá wà nítòsí rẹ. Màmá rẹ ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ò ń jẹun.

Èmi ni tìrẹ, bí bátìrì kún, bó gbẹ,

Waliou Onígbohùngbohùn