Rọ́bà Tí Mo Fi So Bọ́tìnnì Rédíò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá yẹn kì í jẹ́ kí o dá dúró pẹ́ jù? A ò ní gbọ́ ohun burúkú nípa rẹ, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà láàyè, ara mi le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ ni kò le, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà ló sì mú mi jókòó kọ̀wé, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi.

O rántí pé nígbà tí o fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀ méjèèjì ránṣẹ́, o ní kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, kí èkejì máa bá ìyá rẹ lọ sí oko òdìkejì odò, kó lè pè mí tí òòyì bá tún kọ́ ọ. Mo pe tíṣà àdúgbò kó wá ka ìwé ìlò rẹ̀, tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, fún wa. Ó kà á débi tí wọ́n ti ní ká tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀, ni oníbàárà kan bá dé, mo dìde lọ wọn àyà rẹ̀. Nígbà tí mo fi padà, tíṣà ti lọ. Mo ní kò burú, èyí tí mo gbọ́ ti tó. Èmi tí mo máa ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e lẹ́ẹ̀kan.

Mo wá fi ọgbọ́n iṣẹ́ mi gbé e yẹ̀ wò. Tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ á dúró. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì yìí á rí, ẹni tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, okùn ọ̀rọ̀ já nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, mo gé rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò, mo fi so bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ pinpin, mo ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí tó fi máa ń ti oko dé. Tó bá délé, á ní òun fèsì, n kò gbọ́. Mo ní kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni.

Bátìrì tèmi kì í pẹ́ kú, ó sì máa ń gbóná bí àyọ́ọ̀nù. Ṣájà rẹ̀ lọ́ra lójú mi, mo bá ń fi ti tọ́ọ̀ṣì gba iná sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó wú. Mo fi téèpù wọn ikùn rẹ̀, mo sì sọ fún ìyá rẹ pé bátìrì ti sanra, ìtọ́jú mi ló bá a lára mu.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ìyá rẹ yọ̀ ṣubú ní bèbè odò, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, kò lè dìde. Ó tẹ rédíò, ó pè mí títí. Èmi ni kò gbọ́ ọ, òun sì ń gbọ́ mi ketekete. Ó gbọ́ tí mo ń kọrin. Ó gbọ́ tí mo ń sọ fún oníbàárà kan pé rédíò yìí ti tún ilé mi ṣe, pé láti ìgbà tó ti dé, ìyàwó mi kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo ń sọ ìyẹn, omi odò tó ń kún ti dé etí aṣọ rẹ̀.

Ẹni tó rí i ni aṣẹ́gi tí ṣòkòtò rẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó gbọ́ ohùn mi lábẹ́ bèbè, ó rò pé mo sá pamọ́ fún òun síbẹ̀ ni, ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè ṣòkòtò. Ìyá rẹ ló bá níbẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì ní yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Mo rán ṣòkòtò ọ̀hún lọ́jọ́ kejì.

Atún-fóònù-ṣe wo bátìrì mi, ó sún sẹ́yìn. Ó ní wíwú kì í ṣe sísanra, àìsàn ni, ó lè gbiná. Ó ní bátìrì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀, kò sí àyálò. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ gba iná sí i mọ́, n kò gbọ́dọ̀ jù ú sínú iná, n kò sì gbọ́dọ̀ gún un. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì náà wà nínú korobá yanrìn níta báyìí, atún-fóònù-ṣe náà ní òun á gbé e fún àwọn tó ń kó òkú bátìrì. Òun ló tó wá sọ ìyókù ìwé ìlò náà fún mi: tẹ̀ ẹ́, sọ̀rọ̀, jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o gbọ́.

Mo bẹ ìyá rẹ. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ní kì í ṣe orí rédíò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í so rọ́bà, pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lòun ti ń pè mí.

Jọ̀wọ́, fi bátìrì tuntun kan ránṣẹ́ sí wa, àti owó díẹ̀ fún oògùn ìyá rẹ, bí agbára rẹ bá ṣe mọ. Mo ká rọ́bà náà sínú ìwé yìí. Bá mi sọ ọ́ nù lọ́hùn-ún, kí n má baà tún rí i mú.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pè láìrí ẹni gbọ́. Ìyá rẹ ní òun ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ, mo sì ti fi ìdajì tákàdá yìí sílẹ̀ fún un. N kò ní ka ohun tó bá kọ síbẹ̀, àfi tó bá ní kí n kà á. Mo jọ̀wọ́ bọ́tìnnì níhìn-ín.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ń gbọ́.