Ibi Tí Omi Ẹ̀rọ Amúlégbóná Wa Gbà Lọ

                                        Ilé Kangas,
                                        Ojú Ọ̀nà Òkè,
                                        Hancock, Míṣígàn.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sylvi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé oòrùn Arisónà kò tíì sọ yín di ẹran gbígbẹ? Orúnkún yín ńkọ́? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Àwa níbí ń jẹ, a ń mu, a sì ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ bí ẹni ń bọ́jú. Ara Bàbá, bàbá yín, le. Mo tètè sọ ìyẹn ná, kí àyà yín má baà já sí ohun tí mo fẹ́ rò.

Òtútù tó jà wá lóṣù tó kọjá kò ṣeé fẹnu sọ. Atẹ́gùn orí adágún ń gé etí bí abẹ. Ẹ ti gbọ́ pé a ra ẹ̀rọ amúlégbóná tuntun. Kò dà bí ògbólógbòó tó ń jẹ èédú, èyí tí Bàbá máa ń bá wí bí ẹni ń bá màlúù wí. Tuntun yìí máa ń gba gbogbo ooru inú èéfín rẹ̀, èéfín á wá di omi, omi á máa kán tó, tó, tó, sínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ara ògiri jáde sẹ́yìnkùlé. Páìpù yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní dì? Ó dì, ó dí ọ̀nà, omi ìyókù padà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kùn gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́.

Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan irin amóoru ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tutù bí imú ajá. Mo se omi, mo gbé e jáde, mo dà á sára páìpù. Ó ṣàn, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́. Kí n tó mu kọfí mi tán, ó tún ti dì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Bàbá jókòó ti sítóòfù onígi ní kíṣìnnì, wọ́n wọ kóòtù méjì léra, ètè wọn ti ń dúdú. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo ní ká sọ̀kalẹ̀ lọ sílé Roland Thibault, aládùúgbò wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bàbá ní:

“Kí èmi Eino sá kúrò nílé mi nítorí ìtọ̀ ẹ̀rọ? Èmi tí òkè wó lé lórí nínú kòtò tí a ti ń wa bàbà, tí mo ṣì jáde? Aili, ṣé orí ẹ pé ṣá?”

Nígbà tí wọn kò gbà, mo pe Roland wá. Ó wo páìpù, ó mi orí. Ó ní òun lè fi páìpù tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí òun fi nǹkan bò ó, kí òun fi wáyà tó ń gbóná wé e. “Àmọ́ tí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó dáa jù ni kí omi yẹn má fojú kan atẹ́gùn rárá. Ṣé kò síbi tí omi ń gbà jáde nínú yàrá abẹ́lẹ̀ yín ni?”

Mo ní kò sí.

Bàbá jágbe láti kíṣìnnì: “Ta ló ní kò sí? Ó wà lábẹ́ àpótí pòtétò!”

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí ìgbà ooru tí bàbá yín àti bàbá mi gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé? Èmi ti gbàgbé pátápátá. Àṣé nítorí omi yìnyín yíyọ́ tó máa ń kún abẹ́lẹ̀ ni. Àwa méjèèjì jókòó lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, a ń jẹ búrẹ́dì tí a bu ṣúgà lé, ẹ ń fi ìka ẹsẹ̀ yín ti tèmi. Bàbá mi á yọrí sókè, gbogbo ojú wọn á ti di pupa fún iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á ní, “Sylvi, mo ti ń gbóòórùn kọfí ìyá èmi àti bàbá ẹ ní Finland o!” Bàbá yín á sì dáhùn pé kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́, kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí òtútù lè dé, wọ́n kó òkúta kún un, wọ́n sì tẹ́ páìpù amọ̀ láti abẹ́lẹ̀ gba abẹ́ ògiri débẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, Bàbá kò fẹnu pe “Toivo” rí.

A sún àpótí pòtétò. A bá ìdérí irin kan tó ti dípẹtà. Roland fi tipátipá ṣí i, ó da omi korobá kan sí i. Omi dúró síbẹ̀, ó ń wò wá. Roland mí kanlẹ̀, ó fẹ́ máa kó irin iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá fi ọwọ́ ti ògiri sọ̀kalẹ̀ wá, nínú kóòtù méjèèjì.

“Ẹ ní sùúrù. Toivo ló tẹ́ páìpù yẹn.”

A dúró. Omi fà díẹ̀, ó yí bìrí, ó wá lọ gbúúú, bí ẹni ń gbé nǹkan mì. Roland bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ọ̀gá ni yín o!”

“Èmi kọ́ lo ń kí. Lọ gbé páìpù ẹ wá, òtútù ń pa mí.”

Roland dí ihò ara ògiri. Ó fi páìpù tó fẹ̀, tó sì lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dáadáa, darí omi lọ sínú ojú ihò náà. Ó ní omi yẹn kan bí ọtí kíkan, ó lè jẹ irin, nítorí náà ó kọ́kọ́ mú un gba inú garawa kan tó kún fún òkúta ẹfun tó ń pa kíkan. Kí oòrùn tó wọ̀, irin ẹ̀gbẹ́ ògiri ti ń gbóná, ètè Bàbá ti padà sí bó ṣe wà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, pé kí Bàbá kó wá bá yín gbé ní Arisónà, mo fẹ́ bi wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Mo wá wọn títí, n kò rí wọn. Abẹ́lẹ̀ ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n dẹtí sí omi tó ń kán lọ ní ojú ihò náà. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Ṣe jẹ́ẹ́. Toivo ń ṣiṣẹ́.”

N kò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ Arisónà mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwa méjèèjì sì jọ ń gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti Marlys ọmọ yín. Roland náà ní kí n kí yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kò yé ronú yín,

Aili