Mẹ́mórì Méjì àti Lẹ́tà Bàbá

Mọ́ńdeè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Arúgbó — kọ̀ǹpútà mi — ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ jù. Mo ra mẹ́mórì tuntun kan, mo tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Arúgbó bi mí ní ìyára tí mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa fi ṣiṣẹ́, mo mú èyí tó ga jù. Ta ló ń ra tuntun kó tún máa rọra? Lẹ́tà tí Bàbá ń kọ sí àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, gbọ́dọ̀ tán kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá Kékeré lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn méjèèjì ti yan ara wọn lódì.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹrin
Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá, ẹyọ ẹyọ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. Mò ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kà á gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí mo bá fọwọ́ kọ? Ẹsẹ̀ adìẹ. Kí n má purọ́ — mi ò kì í dúró gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní "dárí…", mo ti tẹ̀ ẹ́ tán: Mo ti dárí jì ẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé Bàbá Kékeré ló jẹ̀bi? Òun ló ta ilé ìyá wọn. Bàbá ń mi orí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ni Arúgbó bá kú fin-ín. Lẹ́tà lọ.

Wẹ́sìdeè
Ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Díẹ̀ ló kù kí n ta á nípàá.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹfà
Mo gbé e lọ bá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, atúnkọ̀ǹpútàṣe ìsàlẹ̀ ilé wa. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kó tó tú síkúrù kan, ilẹ̀ á fẹ́ẹ̀ ṣú. Ó fi nọ́ńbà ara mẹ́mórì méjèèjì hàn mí: mẹ́rìndínlógún lára tuntun, méjìlélógún lára ti àtijọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn nìyẹn. Mo ní ṣé kí n ju ti àtijọ́ nù ni? Ó wò mí títí.
"Kò sóhun tó ṣe é, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ò dúró dè é."
Ó dá ìyára àwọn méjèèjì padà sí ti àtijọ́. Arúgbó ò kú mọ́. Ojú tì mí díẹ̀, mi ò tíì mọ ìdí ẹ̀.

Fúráìdeè, ọjọ́ keje, àárọ̀
Bàbá ní "dárí". Mo káwọ́ lé itan. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kù — mo rò pé mo mọ̀ ọ́n — mo gé ahọ́n mi jẹ.
"Dárí… jì… mí. Èmi… ni mo… ta ilé yẹn."
Ọdún mẹ́sàn-án tí mi ò kí Bàbá Kékeré. Mi ò pè wọ́n síbi ìgbéyàwó mi. Èmi àti Bàbá jọ sunkún. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó Bàbá Kékeré.
Ìyàwó wọn ti pè. Ó ní òun ti kà á fún wọn kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá Kékeré béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ó ní èmi ni. Wọ́n wá ní, "Sọ fún un kó máa bọ̀."
Mo ti wọ bàtà.